Ògì Màámi Lójú Wolé-Wolé

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, igbe ni "wolé-wolé" kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Bí ọmọdé kan bá ń sá fún ìwẹ̀, Màámi á ní, "Wolé-wolé ń bọ̀ o!" Bí àlejò tí a kò retí bá kan ilẹ̀kùn, tí abọ́ àná sì wà nílẹ̀ láìfọ̀, igbe kan náà ni, a ó sì máa kó nǹkan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi kò rí wolé-wolé kankan kó wọ ilé wa rí. Àwọn tó kù nígbà tiwa, ẹnu ọ̀nà ọjà ni wọ́n máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù wọn ti wà nínú ẹbí wa kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi, a sì jogún rẹ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jogún ilẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Ìyá àgbà Màámi, ìyẹn ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ògì ló ń tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òfin ìmọ́tótó dé. Wọ́n ní ẹ̀fọn ló ń pa àwọn òyìnbó, pé inú ìkòkò omi wa ni ẹ̀fọn sì ti ń bímọ. Wolé-wolé á wọ kákí, á dé fìlà, á mú ọ̀pá lọ́wọ́, á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Á yọjú sínú àmù, á wo ìsọ̀ àwọn alápatà, á wo ibi tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ àti ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ títà. Bó bá rí tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn tó máa ń ta nínú omi, ó di kóòtù. Àwọn obìnrin àdúgbò náà ní ọgbọ́n tiwọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ké, ilé kejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, kó tó dé ilé kẹta, gbogbo ìkòkò ti wà lẹ́yìn balùwẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń gbé ìkòkò ògì pamọ́. Ó ní ohun tí èèyàn bá ń gbé pamọ́ kò lè mọ́, ó sì fi ọ̀pá fọ́ ìkòkò náà. Ibì kan náà ni Màámi máa ń parí ìtàn yẹn sí: "Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń ṣa àpáàdì."

Láti kékeré ni ìparí yẹn ti máa ń bí mi nínú. Màá bi í pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ nǹkan kan. Màámi á wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n, á ní, "Ta ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ni mí. Ọwọ́ tí mò ń fọ̀ lójúmọ́, àwọn mìíràn kì í fọ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra ìmọ́tótó. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn ń pa èèyàn, mo sì mọ̀ pé ẹran tó ti bàjẹ́ kò yẹ lọ́jà. Ohun tí mo kórìíra ni kí ẹnìkan wọ ilé ẹni, kó da oúnjẹ ẹni nù, kó má tilẹ̀ béèrè orúkọ oúnjẹ náà.

Lẹ́yìn tí bàbá mi kú ni Màámi wá bá wa ní Calgary lókè òkun. Àdúgbò Skyview Ranch là ń gbé, kò jìnnà sí airport, ọkọ̀ òfurufú sì máa ń gba orí ilé wa kọjá. Ní gbogbo òtútù àkọ́kọ́ yẹn, ojú fèrèsé ni Màámi ń jókòó sí. Á wo snow, á gbójú sókè wo ọkọ̀ òfurufú, á tún wo snow. Kì í jà, kì í bú ẹnikẹ́ni, èyí ló sì kó ìpayà bá mi jù, nítorí Màámi tí mo mọ̀, bí kò bá bú èèyàn láàárọ̀, ara rẹ̀ kò yá nìyẹn. Ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ara rẹ̀ máa tó mọlé. Èmi rí i pé ó ń parẹ́ lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ ojú kúrò lára fèrèsé, ó ní, "Ṣé ẹ ò ní àgbàdo níbí ni?"

Mo wakọ̀ jáde láìbọ́ aṣọ ibi iṣẹ́. Mo ra àgbàdo funfun gbígbẹ, mo ra bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, mo ra aṣọ tí a ó fi sẹ́ ẹ. Màámi rẹ àgbàdo náà sínú basement, yàrá abẹ́ ilé wa, títí ó fi rọ̀, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a gbé e kalẹ̀ kó kan. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó di imú mú, ó ní, "Mama, ẹ̀ẹ́ pa wá o! My meeting people fit smell am from Toronto." Màámi bú u dáadáa. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ń gbọ́ èébú náà, omijé ayọ̀ sì bọ́ lójú mi.

Bí ọ̀rọ̀ ògì ṣe di títà nìyẹn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí àdúgbò gbọ́, ààwẹ̀ sì ti dé, ta ló wá fẹ́ fi cereal ṣínu? Ìyá kan ń wakọ̀ wá láti Auburn Bay, ní òdìkejì ìlú, nítorí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já lẹ́nu ọmú. Màámi kò jókòó sí ojú fèrèsé mọ́. Òfin kò sì gbà ká máa ta irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láti basement, nítorí náà mo háyà kitchen kékeré kan lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó wà nítòsí, mo gba permit, mo fi ọwọ́ ara mi fọ ògiri rẹ̀. Mo sọ fún Màámi pé inspector yóò máa wá wò wá. Ó ní kó máa bọ̀, kí lòun jí?

Ọ̀sán kan ni inspector náà dé, obìnrin ni. Ọmọdé ni lójú mi, ó mọ́ tónítóní, ó dé fìlà ìjọba, ó mú tọ́ọ̀ṣì àti tablet lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó béèrè bí ọjọ́ mi ṣe ń lọ. Bí mo ṣe ń dá a lóhùn, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, kò pariwo, inú ọ̀fun ló ti wá: "Wolé-wolé!"

Nígbà tí mo fi máa yíjú, Màámi ti lọ, ọ̀kan nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó wà lórí tábìlì sì ti bá a lọ.

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Màámi tí eékún rẹ̀ kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn láìsinmi, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ògì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láìsí ìró. Inspector kò rí i. Ó yẹ fridge wò, ó dára. Ó yẹ ibi ìfọwọ́ wò, ó yẹ ẹ̀rọ tí a fi ń lọ àgbàdo wò, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ tábìlì, gbogbo rẹ̀ ló dára. Inú mi ti ń balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jẹ́ kóun wo washroom, bóyá ọṣẹ wà níbẹ̀.

Ọṣẹ wà níbẹ̀. Màámi náà wà níbẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó ká apá mọ́ àyà, bọ́kẹ́ẹ̀tì ògì sì wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an, ó ti fi gèlè orí rẹ̀ bò ó.

"What's in the pail?" ni inspector bi mí.

Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n n ò bínú sí Màámi. Ní ọ̀sán gangan, ní Calgary, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn balùwẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó lọ kí orí rẹ̀ tó mọ̀ sí i. Ilé oúnjẹ tí kò ní ẹ̀bi kankan, àwa fúnra wa la lọ wá ẹ̀bi fún un. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, mo dà á sínú sink lójú obìnrin náà kó tó sọ pé kí n dà á. Èyí tó bá ti wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti kúrò ní oúnjẹ, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Màámi ń wo ògì funfun náà bó ṣe ń lọ, kò sọ nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n ìfura ti wọ obìnrin náà lára. Ó padà sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì tó kù lórí tábìlì, ó yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ń wọn ìgbóná, ó kì í bọ inú ògì. Màámi rí irin náà, ó fà sẹ́yìn. Mo mọ ohun tó rí.

Inspector ní oúnjẹ yìí kò tutù, kò sì gbóná. Láti ìgbà wo ló ti wà níta? Mo ní láti àná, pé bó ṣe ń kan nìyẹn. Ó ní oúnjẹ tó bá wà láàárín òtútù àti ìgbóná fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, kòkòrò àìsàn máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ kòkòrò àìsàn, àwọn kòkòrò tó ń mú ògì kan ló ń lé àwọn burúkú jáde. Ó ní wàrà pàápàá máa ń kan bó bá bàjẹ́.

"Yoghurt tó wà nínú fridge yín nílé," mo bi í, "ṣé òtútù ló sọ ọ́ di yoghurt?"

Ó tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan náà tó fi wọlé. Ó ní, "I'm going to need you to discard these, okay?"

Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú jù. Bó bá pariwo mọ́ mi, bóyá ǹ bá bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "No." Mo tún sọ ọ́ ní Yorùbá kó lè dùn mọ́ mi nínú: "Mi ò dà á."

Ó ní òun lè ti kitchen náà. Mo ní kó tì í. Mo ní kó fi ohun tó bá fẹ́ de ògì náà, kó tì í mọ́ inú fridge, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń padà bọ̀, kó mú ohun tí wọ́n fi ń wọn kíkan dání, nítorí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ata ta kì í gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ìlà kan wà, bí oúnjẹ bá ti kan ju ìyẹn lọ, òfin tiwọn fúnra wọn gbà pé kò léwu. Mo ti kà á. Obìnrin náà wò mí títí. Ó jáde sínú òtútù, ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó padà wọlé pẹ̀lú imú pípọ́n. Ó so páálí kékeré yẹ́lò mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sí i lára pé "unknown product", a sì gbé wọn sínú fridge. Ó ní a kò gbọdọ̀ ta nǹkan kan títí òun yóò fi padà. Bó ṣe ń lọ, ó ní sorry. Àwọn ará ibí, bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn náà ni yóò sọ sorry.

Ìgbà tí a délé, Màámi kọjá lára mi, ó lọ bá ọkọ mi.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ máa lọ sílé."

"Mama, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo ti ba iṣẹ́ ìyàwó yín jẹ́. Èmi àgbàlagbà, mo gbé oúnjẹ wọ ilé ìtọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. N ò fẹ́ ṣe èyí tó ju èyí lọ."

"Màámi, ẹ̀rù ló gbé e, kì í ṣe ẹ̀yin," mo ní.

"Ṣé ẹ̀rù ló ní ọwọ́ ni?"

Ọkọ mi fà mí sí ẹ̀gbẹ́. "Babe, abeg, no fight government. Dà á nù, kí wọ́n ṣí kitchen yẹn. Ṣebí ẹ lè máa gbé e sínú fridge from day one?"

"Tá a bá gbé e sí fridge láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní í kan. Omi àgbàdo la ó máa tà. Kí ni Màámi máa wá ṣe níbẹ̀, kó máa fọ́n sugar sí i?"

"So na ògì you wan carry for head reach court?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí wa nílùú yìí. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà torí Màámi kò jẹ́ kó sinmi. Sátidé ló bọ́ sí. Inspector sì ní òun yóò padà wá kó tó di Sátidé.

Ní àwọn ọjọ́ yẹn, Màámi padà sí ojú fèrèsé rẹ̀. Àpótí rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti kó ẹrù sí i dé ìdajì. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, inú á bí mi sí gbogbo ẹni tó ti mú ọ̀pá lọ́wọ́ rí láyé. Kì í ṣe permit ni mò ń jà fún mọ́. Mo mọ̀ pé bí Màámi bá fi ìtìjú yẹn wọ ọkọ̀ òfurufú, bó ṣe máa jókòó nílé títí ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyẹn, á máa rò ó pé òun gbé ògì wọ ilé ìtọ̀, tí kò sì sí ẹni tó sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí inspector máa dé, mo jáde síta láti gbọn snow kúrò lára ọkọ̀, mo bá Màámi nínú rẹ̀. Ó ti de bẹ́líìtì. Gèlè tó fi bo ògì lọ́jọ́sí ló wé sórí, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́.

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò ní í dé kitchen yẹn mọ́," mo ní.

"Wa ọkọ̀ rẹ."

Nígbà tí a dé kitchen, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń ba èmi náà. Màámi ń ṣe nǹkan lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ ìró omi, mi ò wẹ̀yìn. Ìgbà tí mo yíjú, ó ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì jáde nínú fridge, pẹ̀lú páálí yẹ́lò lára wọn, ó ti tò wọ́n sí iwájú ilẹ̀kùn. Ó gbé ẹ̀kẹta tì wọ́n, èyí tí mo rò pé òfìfo ni, ó bò ó, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó jókòó.

"Màámi, ẹ ti dí ọ̀nà."

"Jẹ́ kí n dí i. Ohun tí mo gbé sójú ọ̀nà, ta ló máa sọ pé mo gbé e pamọ́?"

Inspector ṣí ilẹ̀kùn, díẹ̀ ló kù kó kọlu ògì. Màámi kò dìde, kò rẹ́rìn-ín, kò yẹ̀ fún un. Obìnrin náà ní láti kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan kó tó lè rí àyè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn kíkan, ó kì í bọ inú ògì. Nọ́ńbà orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, bó bá ṣe lọ sílẹ̀ tó ni oúnjẹ ṣe kan tó, èmi náà bẹ̀rẹ̀, a jọ ń wò ó, ó kọjá ìlà òfin, kò dúró, ó tún lọ sílẹ̀ dáadáa kó tó dúró. Ó wọn èkejì, bákan náà ni. Ó wẹ ẹ̀rọ náà, ó gé páálí méjèèjì kúrò. Ó ní ká máa wọn kíkan rẹ̀ kó tó di títà, ká wá ọmọrí dípò aṣọ, kí oúnjẹ má sì wọ washroom mọ́ láé. Mo gba gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kó tètè máa lọ kó má bàa yí ọkàn padà. Ó wá béèrè, bó ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé, bóyá a ní ìbéèrè.

"Sọ fún un pé mo ní," Màámi ní.

"Màámi, ó ti tó. Wọ́n ti fọwọ́ sí i."

"Mo ní kí o sọ fún un."

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìyá àgbà rẹ̀, ti kákí àti ọ̀pá, ti ìkòkò tó fọ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà, n kò fi oyin kankan sí i. Ó ní kí n bi í pé, "Ohun tí wọ́n dà nù lọ́jọ́ yẹn, kí ni orúkọ rẹ̀? Ṣé wọ́n béèrè?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Obìnrin náà wò mí, ó wo Màámi. Ẹ̀rín rẹ̀ ti lọ. Ó ní, "I'm so sorry."

Màámi gbọ́ sorry, ó mọ̀ ọ́n. Ó mi orí. "Mi ò bẹ̀ ẹ́ ní sorry. Ní kó pè é."

"She wants you to say its name," mo ní. "Ògì."

Ó gbìyànjú rẹ̀, kò dára. Màámi pè é fún un, ó tún un pè, Màámi tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó jọ ọ́. Ó mú tablet rẹ̀, ó ní kí n sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ó pa "unknown product" rẹ́ lójú wa, ó sì kọ ògì síbẹ̀. Ìgbà náà ni Màámi tó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè ráyè kọjá.

Bó ṣe ń kọjá, ó rí bọ́kẹ́ẹ̀tì kẹta. "And this one?"

Mo ṣí i kí n lè fi hàn án pé òfìfo ni. Àgbàdo ló kún inú rẹ̀, omi sì bò ó. Kí ẹ̀rọ kankan tó wọ inú ògì láàárọ̀ yẹn ni Màámi ti rẹ ẹ́, nígbà tí mò ń nu tábìlì, nígbà tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí obìnrin náà máa sọ. Sátidé ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àgbàdo yẹn kò sì lè di ògì kí Sátidé tó kọjá.

Mo wo Màámi. Kò wò mí. Ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni," ó ní. "Sọ fún ọkọ rẹ kó dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà."

"What did she say?" ni inspector béèrè.

Mo ní, "She says it's for next week."